Ẹni Tó Wà Lórí Àga Kì Í Jẹ́rìí

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, ọmọ mi," ni Olóyè Adérógbà wí bó ṣe ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Mo ti dá ẹ mọ̀. Ọmọ Olúgbódi tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni ẹ́. Ojú baba rẹ lo gbé wá sáyé."

Fẹ̀hìntọ́lá bọ́ bàtà tirẹ̀ náà. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi. Nílùú Òkè-Ìsádi, kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ gbígbẹ wọ gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ Ètò Ilẹ̀. Kòtò omi òkun ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. O jẹ́ olóyè o, o jẹ́ mẹ̀kúnnù o, inú rẹ̀ lo máa gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ pín ilẹ̀ fọ́mọ aráyé, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ bí ohun tó lé wọn wá sórí òkè ṣe tutù tó.

"Gbọ́ mi dáadáa." Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì le bíi ti ẹni tó ń rán ọmọ ọ̀dọ̀ níṣẹ́. "Wọ́n á bi ẹ́ bóyá ìjà wà láàárín èmi àti ẹ. Tó o bá ní kò sí, irọ́ lo pa, mo sì ní èèyàn nínú ilé yìí tó máa dìde wí bẹ́ẹ̀. O mọ ohun tí òfin ń ṣe fún ìbò tí wọ́n bá fi irọ́ dì. Wọ́n á fagi lé e, ilé mi á di àìfọwọ́kàn títí láé. Tó o bá sì ní ìjà wà, wàá bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mélòó ló kù? Méjì sí méjì. Bí ìbò bá dọ́gba, ta ló ń jàre?"

"Ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá." Fẹ̀hìntọ́lá ò fẹ́ sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Káre! Wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Èmi ni mo kọ òfin yẹn nígbà tí mo jẹ́ alága." Ó gbọn omi kúrò lẹ́sẹ̀, ó wọlé lọ bí ẹni tó ń lọ kí àna.

Inú bí Fẹ̀hìntọ́lá. Kì í ṣe ìbínú òjijì o. Ìbínú tó ti wà lórí iná jẹ́jẹ́ láti ogún ọdún ni, tí kò jóná, tí kò sì gbẹ. Ẹni ṣu ní í gbàgbé, ẹni kó o kì í gbàgbé. Nígbà tí ìlú fẹ́ gbẹ́ Odò Àgbẹ́ àkọ́kọ́, tí omi òjò á máa gbà padà sókun, Adérógbà ló wà lórí àga alága. Ilé baba Fẹ̀hìntọ́lá ló bọ́ sójú ọ̀nà. Ìyẹn kọ́ ló dùn wọ́n. Ilé ni, wọ́n á kọ́ òmíràn. Ohun tó dùn wọ́n ni pé inú yàrá ni wọ́n sin baba sí, bí ọmọ ṣe ń sin baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin yìí, ó ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ kí òun hú ọkọ òun, kí òun gbé e lọ síbi tó gbẹ. Adérógbà ò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó ní, "Omi kì í dúró de òkú, ìyá." Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni agbẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ràgàjì tó ń fi eyín irin jẹ ilẹ̀, wọ àgbàlá. Ìyá dúró lórí òkè, ó ń wò ó títí omi fi bo fèrèsé yàrá ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, kò gbé ohùn sókè mọ́.

Òpó orúkọ wà láàárín odò náà dòní, torí òfin ìlú ni pé orúkọ ẹni tó bá dìbò gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó dìbò sí, kí ọmọ ọmọ lè mọ ẹni tí wọ́n á súre fún àti ẹni tí wọ́n á ṣépè fún. Gbogbo ìgbà tí Fẹ̀hìntọ́lá bá gbé ọkọ̀ kọjá níbẹ̀ ló ń ka orúkọ Adérógbà. Ohun tó gbé e dé orí àga Ìgbìmọ̀ nìyẹn, kí a má purọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa kan ilẹ̀kùn tí omi ò lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ìjókòó ìtagbangba kan tí kò lọ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì láìgbè sẹ́nì kankan, bí wọ́n ṣe ń bi ìbéèrè tí àgbà ò ní bínú sí. Ó sì mọ iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ nísàlẹ̀ ikùn rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń wá: kí orúkọ òun náà wà lórí òpó níwájú ilé Adérógbà, kí àwọn ọmọ ọkùnrin náà máa kà á títí ayé wọn.

Wàyí o, ọjọ́ náà pé: Odò Àgbẹ́ kejì fẹ́ gba ilé Adérógbà, ó sì mú ẹ̀bẹ̀ wá, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tún dẹ pańpẹ́ de Fẹ̀hìntọ́lá.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ márààrún jókòó yí Awòye ká. Tábìlì ni Awòye, iyanrìn ló kún orí rẹ̀, àmọ́ iyanrìn tó gbọ́n ni. Ó ń dá dìde, ó ń di òkè, ó ń di ògiri, ó ń di òrùlé, títí gbogbo Òkè-Ìsádi fi dúró síbẹ̀ kékeré. Ó tún ní ohùn, ohùn ìyá àgbà tó ti jẹun yó tí nǹkan kan ò kán lójú. Awòye nìkan ló ń pe àgbà ní "ìwọ" nílùú yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í bínú.

"Rọ òjò ọdún tó ń bọ̀ fún wa," ni Màmá Sìmí wí. Òun ni alága, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá tíì parí iṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí iyanrìn. Ó wá láti ẹ̀yìn òkè, ó dé ibi tí Odò Àgbẹ́ kejì yóò gbà, ó sì pín. Awòye kọ́kọ́ gba ọ̀nà àgbàlá Adérógbà. Omi mu ilé Olóyè, ó kọjá lọ sókun, gbogbo ìlú gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá gba ọ̀nà kejì, bí Olóyè ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yẹ ilé òun sílẹ̀. Omi ya wọ Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n, níbi tí àwọn apẹja tí òkun lé wá ń gbé. Òrùlé kan rì, òmíràn rì, títí gbogbo àdúgbò náà fi di ìmọ́lẹ̀ aró lásán. Àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n tó kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ń wo ilé ara wọn tó ń rì. Obìnrin kan pariwo, "Yéè! Ilé mi nìyẹn!"

Adérógbà dìde. "Ẹ̀yin ọmọ Ìgbìmọ̀, ilé kọ́ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Baba mi ló sùn sí pálọ̀ yẹn. Ṣé ẹ fẹ́ kí omi máa gba orí baba mi kọjá ni?"

Fẹ̀hìntọ́lá fi eyín gé ètè ìsàlẹ̀. Ọkùnrin yìí ò tilẹ̀ tijú!

Lánàá ni kálukú ti sọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Màmá Sìmí àti Ọmọ́táyọ̀, tó kéré jù nínú wọn, ní kí odò gba ilé Olóyè. Kọ́lápọ̀ àti Bàbá Dáwódù ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá nìkan ni kò tíì sọ tiẹ̀.

"Ó kù kí a bi yín ní ìbéèrè méjì kí ẹ tó dìbò," ni Màmá Sìmí wí. "Awòye, máa bi wọ́n."

Ó kọ́kọ́ bi alága, ó bi Ọmọ́táyọ̀, ó bi Kọ́lápọ̀. Kò sí wàhálà. Ó wá kan Bàbá Dáwódù.

"Dáwódù, ṣé ìjà wà láàárín ìwọ àti ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá?"

"Kò sí."

"Ṣé ohunkóhun ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá eyín rẹ láti ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ yìí ti wọlé?"

"Rárá o," ni Bàbá Dáwódù wí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

Fẹ̀hìntọ́lá gbójú sókè. Ọjọ́ tí wọ́n lọ wo ilẹ̀ ni ó rántí. Àwọn yòókù ti lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo gọ́tà. Òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn tó rí i tí Olóyè gbé àwo obì síwájú Bàbá Dáwódù ní pálọ̀. "Alàgbà, obì kì í ṣe oúnjẹ. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé obì padà sínú yàrá ni?" Ta ló ń kọ obì àgbà? Bàbá Dáwódù mú awẹ́ kan, ó jẹ ẹ́, ó ní a dúpẹ́. Ó wá jáde bá àwọn èèyàn rẹ̀. Kò rò ó mọ́. Àní lọ́kàn rẹ̀ lónìí yìí, kò jẹ nǹkan kan.

Fẹ̀hìntọ́lá ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Àmọ́ òfin sọ pé ẹni tó wà lórí àga kì í jẹ́rìí. Adájọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ló bá gbé e mì.

"Fẹ̀hìntọ́lá," ni Awòye wí. "Ṣé ìjà wà láàárín ìwọ àti ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá?"

Adérógbà fẹ̀yìn tì, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó dà bí ẹni tó ti jẹun yó.

Àfi bíi pé wọ́n ṣí fèrèsé kan nínú orí Fẹ̀hìntọ́lá. Àga yẹn tí Adérógbà fẹ́ lé e kúrò lórí rẹ̀, àga yẹn náà ló dí ẹnu rẹ̀! Tó bá bọ́ sílẹ̀, á di ará ìlú. Ará ìlú lè jẹ́rìí. Àmọ́ ta ni yóò jẹ́rìí takò? Bàbá Dáwódù. Ọkùnrin tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀. Ọkùnrin tó bá a gbé pósí ìyá rẹ̀ nígbà tí àwọn mọ̀lẹ́bí tirẹ̀ sá. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó jẹ nǹkan ẹni tó mú ẹ̀bẹ̀ wá kì í jókòó sídìí Awòye mọ́ láyé, wọn kì í sì í bi í léèrè nǹkan mọ́ nílùú. Òun náà á pàdánù àga, orúkọ rẹ̀ ò ní sí lára òpó kankan. Ó wo Bàbá Dáwódù, ó wo Adérógbà. Ó wá rí ìyá rẹ̀ lórí eékún.

"Ìjà wà," ni ó wí.

Ariwo sọ. Adérógbà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìjà wà, ìjà gidi sì ni. Ọkùnrin yìí ló gbé omi gba orí baba mi. Mo kórìíra rẹ̀. Mo gbé ìkórìíra náà wá síhìn-ín, mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín. Màmá, mo fi àga sílẹ̀." Ó dìde, ó rìn yí tábìlì ká, ó lọ dúró láàárín àwọn ará Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n.

"Ó ku mẹ́rin," ni Adérógbà wí kíákíá. "Ẹ jẹ́ ká dìbò."

"Ẹ dúró," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Màmá, ará ìlú ni mí báyìí. Mo ní ẹ̀rí láti jẹ́."

Màmá Sìmí tẹjú mọ́ ọn. Ó yé e pé nǹkan kan ń bọ̀. "Sọ ọ́."

"Bàbá Dáwódù jẹ obì Olóyè lọ́jọ́ tí a lọ wo ilẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

Bàbá Dáwódù yí ọrùn padà. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbá létí ni. "Fẹ̀hìntọ́lá? Obì? Obì lásán? Obì kì í ṣe oúnjẹ kẹ̀!"

"Ṣé ẹ jẹ ẹ́, àbí ẹ ò jẹ ẹ́?" ni Màmá Sìmí bi í.

"Wọ̀láhì, mi ò ní purọ́. Mo jẹ awẹ́ kan. Àgbà ló gbé e síwájú mi, ṣé kí n tì í padà ni? Irú ọmọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Awòye, kí ni òfin wí?"

"Ohunkóhun tó bá kọjá eyín," ni ohùn ìyá àgbà náà wí. "Oúnjẹ, omi, obì, egbòogi. Adérógbà ló kọ ọ́."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. "Olóyè, ẹ mà kọ òfin dáadáa o!" Gbogbo Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń ta ni lára. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun.

Bàbá Dáwódù ti dìde. Ó tẹ́ agbádá rẹ̀ dáadáa, ó fi ọwọ́ kan iyanrìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ tó ń lọ ìrìn àjò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fẹ̀hìntọ́lá, ó dúró.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ níṣẹ́," ó wí, "èmi náà lo fi dán an wò."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mò ń bínú." Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò omi, ó jáde. Omi ojú dà lójú Fẹ̀hìntọ́lá, kò nù ún. Ó mọ̀ pé òun á tún un ṣe bí wọ́n bá ní kó tún un ṣe, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà á.

Àwọn mẹ́ta tó kù dìbò. Bí wọ́n ṣe ń dìbò nìyí: kálukú á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ iyanrìn níbi tó fẹ́ kí omi gbà. Kọ́lápọ̀ tẹ Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n, kò wojú ẹnikẹ́ni. Màmá Sìmí àti Ọmọ́táyọ̀ tẹ àgbàlá Olóyè. Iyanrìn mì tìtì, ilé kékeré tó dúró níbẹ̀ wó lulẹ̀, odò la àárín rẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀-Àwọ̀n hó yèè. Obìnrin tó pariwo lẹ́ẹ̀kan sí ilé rẹ̀ tó rì dì mọ́ Fẹ̀hìntọ́lá lọ́rùn, ó ń fò sókè, ó sì ń fi omijé rẹ aṣọ rẹ̀.

Adérógbà ò jókòó mọ́, kò sì lè dúró dáadáa. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń pàṣẹ ti lọ. "Alága. Ẹ fún mi láyè. Ẹ jẹ́ kí n hú baba mi."

"Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, Olóyè, agbẹ́lẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà," ni Màmá Sìmí wí. "Èmi kọ́ ni mo lè fún yín. Ẹ mọ àṣà wa. Bí ẹnì kan bá fi àga sílẹ̀ nítorí ìjà, tí ọ̀rọ̀ àánú bá délẹ̀, òun la ń bi." Ó yíjú. "Fẹ̀hìntọ́lá, tó o bá ní ká dúró, a ó dúró. Tó o bá ní ká má dúró, agbẹ́lẹ̀ á wọlé lónìí."

Gbólóhùn yẹn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Omi kì í dúró de òkú. Ogún ọdún ló ti tọ́jú rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ fún pákó, ó ti sọ ọ́ fún ìṣó, ó ti sọ ọ́ lójú oorun. Adérógbà náà mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ojú rẹ̀ ń fò kiri. Lójijì ni ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, níwájú obìnrin tí òun lè bí lọ́mọ.

"Háà! Olóyè! Ẹ dìde!" ni àwọn èèyàn ń wí. Fẹ̀hìntọ́lá ò ní kó dìde. Ó wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń rò ó pé bí òun bá sọ gbólóhùn náà, á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ọkùnrin yìí á sunkún lónìí, á sì di ẹni tí wọ́n ṣàánú fún lọ́la. Ó kéré jù.

"Ẹ jẹ́ kó hú u," ó wí.

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi," ni Adérógbà ń wí láti ilẹ̀.

"Mi ò tíì parí. Kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ débẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí lébìrà. Ọmọ rẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi gbẹ́ ẹ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ bí baba ṣe jìn sílẹ̀ tó."

"Fẹ̀hìntọ́lá," ni Màmá Sìmí rọra wí, "ẹni àádọ́rin ọdún ni."

"Ìyá mi kì í ṣe ọmọdé nígbà tó kúnlẹ̀, Màmá."

Màmá Sìmí mi orí, ó gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Fẹ̀hìntọ́lá gbé àpótí ìjókòó kan, ó lọ sílé Adérógbà. Àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé dúró níta, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n yà fún un. Ní pálọ̀, wọ́n ti ká kápẹ́ẹ̀tì, sìmẹ́ńtì ti fọ́, ọkùnrin náà sì ti wọlẹ̀ dé orúnkún. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ẹ̀jẹ̀ ti wà lára igi ṣọ́bìrì.

"Ṣé o fẹ́ jókòó tì mí títí ni?" ó bi í. Èémí rẹ̀ ń já.

"Ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ yín, bàbá."

Ó gbé àpótí sí ibi tí òun á ti máa rí ojú rẹ̀, ó jókòó. Oòrùn yọ, ó gòkè. Ẹnikẹ́ni ò gbé omi wá fún ọ̀kan nínú wọn. Erùpẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Fẹ̀hìntọ́lá ò sún kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ṣọ́bìrì wá kan pósí, tí Adérógbà jù ú sílẹ̀ tó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé, Fẹ̀hìntọ́lá dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹnu kòtò, ó tún jókòó, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.